Gíà Ọtọmátíìkì Inú Ọkọ̀ Wa: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí, pàápàá ọ̀rọ̀ gíà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀: Sienna tó ń kó èrò àti iṣu lọ sí Ìbàdàn, Camry tàbí Corolla tí a fi ń ná ọjà Ìgbòho, Ṣakí àti Ojé-Òwòdé. Gíà ọtọmátíìkì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí gíà bẹ́ẹ̀ bá kú, owó tí yóò gbé e dìde lè jẹ èrè odindi ọdún kan. Ọjọ́ tí a dá láti san ẹ̀yáwó kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ yẹ̀, àwọn onídùúró kò sì ní rí oorun sùn.

Kókó ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ gíà yín kalẹ̀ kí ó tó yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, kí ó sì tó ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kọ sílẹ̀. Gíà mìíràn wà tí wọ́n ní ó ti kú, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ló dínkù, tàbí wáyà kan ló já. Kí èyí tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

ÌGBÀ 504 ÀTI ÌGBÀ TÒKÚNBỌ̀

Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Gíà ọlọ́wọ́ ló pọ̀ nínú àwọn 504 àti Beetle tí a mọ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ òsì á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ á já gíà. Lórí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ti kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, owó náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun ga ju apá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ni tòkúnbọ̀ bá gba ìgboro.

Èyí tó ń ti Amẹ́ríkà wá nínú wọn, ọtọmátíìkì ló pọ̀ jù, nítorí pé ó ti mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lára tipẹ́. Láti òpin 1939 ni General Motors ti ń ta gíà ọtọmátíìkì tí wọ́n pè ní Hydra-Matic fún wọn. Láyé ìgbà náà, ipá ọ́ìlì àti sípíríǹgì nìkan ló ń pinnu ìgbà tí gíà yóò yí. Láàárín 1980 sí 1990 ni Toyota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń gbé ìpinnu náà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ẹni tó mọ 504 tinú-tẹ̀yìn lè má mọ Sienna, kì í sì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

BÍ AGBÁRA ṢE Ń TI Ẹ́ŃJÌNNÌ DÉ TÁYÀ

Ẹ jẹ́ ká mú fáànù méjì, ká kọjú wọn síra wọn. Ká fi iná sí ọ̀kan, ká má fi sí èkejì. Afẹ́fẹ́ tí èkíní ń fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yí èkejì. Bí ẹ bá di èkejì mú, èkíní kò ní dúró, yóò máa yí lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun tí wọ́n ń pè ní converter ṣe rí, àfi pé ọ́ìlì ló wà níbẹ̀ dípò afẹ́fẹ́. Fáànù kan so mọ́ ẹ́ńjìnnì, èkejì so mọ́ gíà. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè wà lórí D, kí ẹ tẹ búréèkì, kí ẹ́ńjìnnì má sì kú. Fáànù kékeré kẹta wà láàárín wọn tó ń darí ọ́ìlì padà sí ọ̀nà tó tọ́. Òun ló ń bù kún agbára nígbà tí ọkọ̀ tó rù wúwo bá fẹ́ gbéra. Bí ọkọ̀ bá ti sáré dé ìwọ̀n kan, kílọ́ọ̀ṣì kan nínú converter yóò so fáànù méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa yí bí ẹyọ kan, kí epo má bàa ṣòfò, kí ooru sì dínkù.

Lẹ́yìn converter ni eyín gíà wà. Wọn kò tò ó bíi ti 504. Gíà kan wà láàárín bí ìyá, àwọn gíà kéékèèké yí i ká bí ọmọ, agbo ńlá kan tó ní eyín nínú sì yí gbogbo wọn ká bí ọgbà. Eyín wọn kan ara wọn nígbà gbogbo, a kì í fà wọ́n yọ. Èyí tí a bá dì mú nínú wọn ló ń sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe rìn. Bí a bá di agbo mú tí a yí ìyá, àwọn ọmọ yóò máa rìn yí ìyá ká jẹ́jẹ́: agbára á pọ̀, eré á kéré. Bí a bá so méjì pọ̀ nínú wọn, gbogbo wọn á yí bí ẹyọ kan. Bí a bá di àwọn ọmọ mú, tí a yí ìyá, agbo á yí sẹ́yìn: ìyẹn ni rìfáàsì.

Kí ló ń dì wọ́n mú? Àwọn àwo pẹlẹbẹ ni, tí a tò léra wọn. Àwọn kan jẹ́ irin lásán, àwọn kan ní ohun kan bíi páálí líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọ́ìlì tó ní ipá ló ń fún wọn pọ̀. Bí ipá náà bá tó, wọn á dì gírígírí. Bí kò bá tó, wọn á máa yọ̀, wọn á gbóná, páálí ara wọn á sì jó.

Pọ́ọ̀ǹpù tó ń fún ọ́ìlì ní ipá yìí, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Nítorí rẹ̀ ni a kò ṣe lè ti ọkọ̀ ọtọmátíìkì kó jí bíi ti 504. Nítorí rẹ̀ náà sì ni kò fi dára kí a máa fi okùn fa ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, nígbà tí àwọn táyà tí gíà ń yí ṣì wà nílẹ̀. Inú gíà ń yí, ọ́ìlì kò sì dé ibẹ̀. Kí ẹ tó fà á láti Ìsẹ́yìn dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, gíà tó wà láàyè tẹ́lẹ̀ lè ti kú. Camry, Corolla àti ọ̀pọ̀ Sienna, táyà iwájú ni gíà ń yí. Ẹ gbé táyà iwájú náà sókè, tàbí kí ẹ gbé odindi ọkọ̀ sórí ọkọ̀ agbégbẹ́rù.

TA LÓ Ń PINNU ÌGBÀ TÍ GÍÀ YÓÒ YÍ?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ yáwó, ẹnìkan á mú ìròyìn rẹ̀ wá, ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí, akápò á wá ṣí àpótí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gíà yìí.

Àwọn tó ń mú ìròyìn wá ni sẹ́ńsọ̀. Ọ̀kan ń sọ bí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ṣe tẹ tọ́rọ́tù tó. Ọ̀kan ń ka eré tó ń wọ inú gíà, òmíràn ń ka èyí tó ń jáde. Ọ̀kan ń sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná sí. Ọ̀kan sì ń sọ ibi tí ọ̀pá gíà wà, bóyá P ni, bóyá R ni, bóyá D ni. Ìgbìmọ̀ ni kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Akápò ni àwọn solenoid. Ẹnu-ọ̀nà wẹ́wẹ́ tí iná bátìrì ń ṣí tó sì ń pa ni wọ́n, lára irin kan tí ihò tóóró kún inú rẹ̀ bí ilé ikán. Bí ọ̀kan bá ṣí, ọ́ìlì á gba ihò tirẹ̀ kọjá lọ fún àwo kan pọ̀, gíà á sì yí.

Bí ẹ bá kó iṣu kún Sienna, tí ẹ ń gun òkè, brain box rí i pé tọ́rọ́tù wọlé gan-an ṣùgbọ́n eré kéré. Yóò ní kí gíà dúró nísàlẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó tẹ́jú, tí ẹsẹ̀ yín fúyẹ́, yóò gbé e sókè.

Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò lè ná owó tí kò sí nínú àpótí. Ọ́ìlì ni owó. Bí ọ́ìlì bá dínkù, brain box á pàṣẹ títí, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bákan náà, bí ìròyìn tó dé iwájú ìgbìmọ̀ bá jẹ́ irọ́, ìpinnu wọn kò ní tọ́, bí owó tilẹ̀ kún àpótí. Nígbà tí brain box bá rí i pé ìròyìn kò ṣe déédéé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò jókòó sórí gíà kan ṣoṣo, kí ẹ lè fi wọ́ délé. Ọkọ̀ á wúwo, kò ní yí gíà, iná «check engine» á tàn. Nínú àwọn Toyota kan, iná O/D OFF á máa ṣẹ́jú. Àwọn kan á ní gíà ti kú. Ẹ dákun, ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ṣe gíà, nígbà náà: àìsàn ọ́ìlì, àìsàn ìròyìn, àti kí ara rẹ̀ ti jẹ tán ní tòótọ́. Méjì àkọ́kọ́ kò ná owó tó kẹta. Àwọn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò.

OORU NI Ọ̀TÁ

Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ kan wà pé bí ọ́ìlì gíà bá ti kọjá nǹkan bí 80 °C, gbogbo 11 °C tí a bá tún fi kún un ń dín ọjọ́ ayé ọ́ìlì náà kù sí ìdajì. Ẹrù àpọ̀jù, òkè gígùn àti oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn wa ń dá irú ooru bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ru ẹrù tí ẹ ń gun òkè, tí gíà ń lọ sókè-sódò ṣáá, ẹ tẹ bọ́tìnnì O/D tó wà lára ọ̀pá gíà kí gíà òkè má bàa wọlé. Bí kò bá ní bọ́tìnnì yẹn, ẹ fà á sí 4 tàbí 3. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má ṣe fi sí N rárá.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ́ìlì gíà máa ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kí ó lè tutù. Omi kànga tí a ń dà sí rédíétọ̀ dípò ojúlówó omi rédíétọ̀ a máa jẹ irin rẹ̀. Bí ibi tí ọ́ìlì ń gbà kọjá bá lu, omi á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì gíà. Ẹ máa rí i lára géèjì: pupa rẹ̀ á dà bí ìgbà tí a da mílíìkì sí i. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Omi a máa ṣí páálí kúrò lára àwọn àwo.

BÍ A ṢE Ń YẸ ỌÌLÌ WÒ

Ẹ wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ara gíà lè gbóná. Ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ fa búréèkì ọwọ́, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ búréèkì ẹsẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá gíà gba gbogbo ààyè rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dá a padà sí P. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí kì í tú òwú nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ. Láàárín àmì méjì tí wọ́n kọ HOT sí ni ó yẹ kó wà. Bó ṣe rí fún Toyota nìyẹn. Ti Honda yàtọ̀: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wò ó láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan kò ní géèjì rárá, abẹ́ ni mẹkáníìkì ti ń wò ó.

Àwọ̀ pupa tó mọ́ ló dára. Bí ó bá dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jó, àwọn àwo ti ń yọ̀. Ọ́ìlì kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù pẹ̀lú, nítorí yóò máa hó bí ọṣẹ, ipá rẹ̀ á sì dínkù.

PÍPÀÁRỌ̀ ỌÌLÌ

Fún ọkọ̀ tó ń ru ẹrù tàbí tó ń kó èrò, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má jẹ́ kó kọjá kìlómítà 50,000 ká tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rántí pé máìlì ni ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà ń kà: máìlì 30,000 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye yẹn.

Mẹkáníìkì á tú nọ́ọ̀tì abẹ́, á sì sọ pánù kalẹ̀. Òòfà kéékèèké wà nínú pánù tó ń mú erùpẹ̀ irin. Bí ohun tó wà lára wọn bá dà bí ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná, kò burú. Bí èékún irin bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Kó fọ pánù àti òòfà, kó pààrọ̀ fíítà àti gáàsíkẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ọ́ìlì kì í jáde lẹ́ẹ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, nǹkan bíi lítà 3 sí 4 ló ń dà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ lè tó lítà 7 sí 9, torí converter gbé ìyókù pamọ́. Ẹ wọn èyí tó jáde, kí ẹ da iye kan náà padà, kí ẹ sì fi géèjì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó da lítà 8 sí ibi tí 4 ti jáde ti ba nǹkan jẹ́.

Irú ọ́ìlì ṣe pàtàkì ju owó rẹ̀ lọ. Toyota àtijọ́ ń lo Dexron, èyí tó tẹ̀ lé e ń lo Type T-IV, èyí tó tún tuntun sí i ń lo WS. Honda ní tirẹ̀, Nissan ní tirẹ̀. Gíà CVT tó ń fi bẹ́ẹ̀tì irin ṣiṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá, ọ́ìlì rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ wo ara géèjì tàbí ìwé ọkọ̀, orúkọ ọ́ìlì wà níbẹ̀. Ọ́ìlì nípọn ti gíà ọlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fúnra wa. Bí àwo bá ti jó, ọ́ìlì tuntun kò ní jí i dìde. Ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn tí gíà ti ń yọ̀, tí gíà wá kú lọ́jọ́ kẹta, kó má ṣe bá ọ́ìlì wí.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ TÀN

Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan láti mọ́tò ọdún 1996 pé kí ihò kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú dẹ́rẹ́bà, tó ní ààyè pín-ìn-nì 16, tí a lè ti ẹ̀rọ bọ̀ láti ka ohun tí brain box kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò wọ́n tó owó gíà kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó jáde fún yín sínú ìwé. Díẹ̀ nínú wọn nìyí:

P0700: ọ̀rọ̀ wà nínú gíà, ẹ wá nọ́ńbà yòókù.
P0705: ìròyìn nípa ibi tí ọ̀pá gíà wà kò ṣe déédéé.
P0715 àti P0720: sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré tó wọlé, àti ti eré tó jáde.
P0741: kílọ́ọ̀ṣì inú converter kò so bó ṣe yẹ.
P0750: solenoid A, tàbí wáyà tó lọ síbẹ̀.
P0730: eré tó wọlé àti èyí tó jáde kò bá gíà mu, ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì.

Nọ́ńbà kò sọ pé ká lọ ra nǹkan. Ibi tó yẹ ká wò ló ń tọ́ka sí. P0750 lè jẹ́ wáyà tí eku jẹ, tàbí ẹnu wáyà tí omi wọ̀ nígbà tí wọ́n ń fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní kí rèwáyà fi mítà wọn solenoid náà: nínú ọ̀pọ̀ Toyota, èyí tó ń yí gíà a máa ka nǹkan bí ohm 11 sí 15 bí ara rẹ̀ bá tutù. Bí ó bá ka iye yẹn, ẹ wá wáyà lọ. Ẹ yẹ bátìrì àti wáyà ilẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì kí a tó ka nọ́ńbà, torí yóò pa àkọsílẹ̀ rẹ́.

BÍ GÍÀ BÁ TI KÚ NÍ TÒÓTỌ́

Bí a bá ti yẹ méjèèjì wò, tí gíà sì ti jẹ tán, a ó lọ sí Araromi ní Agodi Gate nílùú Ìbàdàn, tàbí Ladipo l'Ékòó. Kí nọ́ńbà ara gíà tí ẹ fẹ́ rà bá ti ọkọ̀ yín mu; kì í ṣe gbogbo gíà Sienna ni ó jọra. Kí wọ́n fọ ọ̀nà ọ́ìlì inú rédíétọ̀, kí ẹ̀gbin ti àtijọ́ má bàa pa tuntun. Kí mẹkáníìkì rí i pé converter wọlé dé ìdí kó tó de bóòtù, torí bí kò bá wọlé tán, pọ́ọ̀ǹpù á fọ́ lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ lọ wò ó láàárọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ tutù. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìjí ẹ́ńjìnnì: iná «check engine» gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má bàa rí àṣírí. Ẹ fi sí R, ẹ fi sí D: kò yẹ kó pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lọ kó tó mú, kò sì yẹ kó gbá gìdìgbà. Ẹ fa géèjì, ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa gbé e yẹ̀wò ní ìpàdé pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yáwó ọkọ̀ máa mú ìwé wá tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ ọ́ìlì gíà wò, pé wọ́n sì ti ka nọ́ńbà brain box. Kì í ṣe pé a fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára. Owó gbogbo wa ló wà níbẹ̀, orúkọ onídùúró ló sì wà lábẹ́ ìwé. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa ní òpópónà o. Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.